Ilà Èédú

Èèyàn márùn-ún ni wá nígbà tá a kó dé
òkè ṣọ́ọ̀bù Tanko tó ń ta síméǹtì ní Mpape,
níbi tí eruku àwọn tó ń fọ́ òkúta
ti máa ń ṣíwájú oòrùn wọlé.
Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, tábìlì méjì,
àti jẹnẹrétọ̀ kan tí ohùn rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.
A kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa sára páànù, a kàn án mọ́gi.
Kò sẹ́ni tó kà á.

Oṣù kẹta ni Màmá Shekwolo gun àkàsọ̀ wá,
igi ìdáná ṣì wà léjìká rẹ̀:
àwọn Gbàgyí kì í fi orí ru ẹrù,
wọ́n ní orí lọba, ọba kì í sì í ṣe alárù.
Ó wò wá títí, ó fi Hausa bi wá:
"Kí lẹ ń ṣe nínú ilé yìí gan-an?
Káfíńtà wà lápá ọ̀tún, mo rí àga tó ń jáde.
Alágbẹ̀dẹ wà lápá òsì, mo rí ọkọ́.
Ẹ̀yin ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni mo ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yín,
ojú pípọ́n nìkan ni mo rí tó ń jáde."

Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀gá wa, Adérẹra ọmọ Òmù-Àrán, kò rẹ́rìn-ín.
Ó fa àga fún un. "Màmá, ìṣirò la ń ṣe."
"Ìṣirò? Ó dáa. Ẹ wá ṣírò tèmi."

A tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé.
Ògiri amọ̀ kan ló dúró níbẹ̀,
ilà èédú kún un láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gùn mọ:
ilà gígùn, múdù ọkà bàbà kan;
ilà kúkúrú, ààbọ̀;
ilà tó tẹ̀, ẹni tó ní ó di ọjọ́ ọjà.
Òun ló ń yá àdúgbò lọ́kà nígbà ebi.
Ọdọọdún lòjò sì ń wá jẹ́rìí èké,
a fọ ìdajì gbèsè lọ,
onígbèsè a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ ọ́ sínú fóònù.
Kò sí lẹ́tà níbẹ̀, torí kò kàwé:
ilà la yà, gígùn, kúkúrú, èyí tó tẹ̀,
àti ohùn òun fúnra rẹ̀ tó ń pe orúkọ.
Mo yangàn. Mo ní, "Màmá, Bawa ti kú,
ẹ tẹ ibí, gbèsè rẹ̀ á pa rẹ́."
Ó gbá ọwọ́ mi dànù bí ẹni lé eṣinṣin.
"Ta ló rán ọ? Bó bá pa rẹ́,
kí ni màá fi rántí pé ó jẹun lọ́wọ́ mi?"

Mo padà sókè, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà.
Ilé-ìwé ò kọ́ mi ní gbèsè tí wọn kì í sìn.
Mo la yàrá kan fún un, mi ò fún un lórúkọ.
Àwọn òkú ló wà níbẹ̀. Èlé kì í gorí wọn.

Lọ́jọ́ tá a parí, Adérẹra kíyè sí igun kan lára ògiri,
ilà tínínrín tó há mọ́ra bí eyín àgbàdo.
"Ta ló jẹ eléyìí, Màmá?"
"Ẹ̀yin ni.
Alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ yín ò jẹ́ n sùn, ilà kan.
Mo ń dúró kẹ́ ẹ bi mí."
Mẹ́tàdínláàádọ́fà.
Ara bù wá máṣọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti ta tẹlifíṣọ̀n ara ògiri,
a ra páànẹ́ẹ̀lì tó ń mu oòrùn, a kàn án sórí òrùlé Tanko.
Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀
pé àkùkọ wà ní Mpape,
pé Tanko máa ń húkọ́ lóru.

Ẹ má rò pé ó nu gbèsè wa lẹ́ẹ̀kan.
Láràárọ̀, bó bá ti sùn dáadáa,
á tutọ́ sí àtàǹpàkò, á nu ilà kan ṣoṣo.
Mo máa ń yọjú lójú fèrèsé kí n tó tan kọ̀ǹpútà.
Lónìí, ó ku mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Òjò àkọ́rọ̀ ti ṣú lókè òkúta.
Ó wá páálí kan,
ó fi bo igun tiwa.